Igbó àfihàn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́: kí ni ká máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀?

#1 TíṣàÌjùmú kọ:

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

Àwọn àgbà ìlú wa ní apá Ìjùmú, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ti yọ̀ǹda igbó kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa pé kó di igbó àfihàn: kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀ mọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lò ó. Kì í ṣe igbó ńlá. Bí ẹ bá dúró létí kan tí ẹ kígbe, ẹni tó wà létí kejì á gbọ́. Igi òrí wà níbẹ̀, irúgbá wà, àyìn wà, igi apá díẹ̀ ṣẹ́ kù. Kùkùté osùn dúdú, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní rosewood, wà káàkiri ibẹ̀ náà. Ẹ mọ ìtàn ìyẹn.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé kó má di ohun tí mo ti rí níbòmíràn. Àlejò á kó mọ́tò dé, wọ́n á gbin ọmọ igi, àwọn ọmọ á kọrin, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Kó tó di oṣù kejì ọdún, iná ẹ̀ẹ̀rùn á ti jó gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́ wọn, n kò kọ́ṣẹ́ igbó. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá kó ọmọ JSS 2 wọ igbó fún wákàtí kan, kí ni kí wọ́n ṣe níbẹ̀ tí wọn kò lè ṣe nínú kíláàsì? Kí sì ni kí n sọ fún òbí tó bá ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ sún mọ́ igbó nítorí àwọn ajínigbé? N kò lè dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́bi.

#2 KáṣùLówó kọ:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú sí mi o. Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ẹ kò fi ṣe nǹkan kan, ẹ gbin káṣù sí i. Ọdún kẹta sí ìkẹrin ó ti ń so. Owó rẹ̀ á tún òrùlé ṣe, á ra àga fún àwọn ọmọ. Ọmọ tó bá ń ṣa káṣù náà ń kọ́ nípa igi. Ṣé igbó máa sanwó fún yín ni?

#3 Igbó_àti_Odò kọ:

KáṣùLówó, ọ̀gá mi, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ibo ni káṣù kò sí? Kò sí ọmọ Òkun tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí Tíṣà ní lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ń tán lọ.

Iṣẹ́ igbó ni mo kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Igbó àfihàn yàtọ̀ sí igbó tí a kàn ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń fi hàn. Wọ́n á tọ́jú apá kan báyìí, wọ́n á tọ́jú apá kejì lọ́nà mìíràn, ẹni tó bá ń kọjá á fi ojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀. Irú rẹ̀ kan tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ igbó mọ̀ dáadáa wà nílẹ̀ Yorùbá níbí, ní Olókèmejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní 1929, wọ́n pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán. Apá kejì, ó di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó sun ún, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ gan-an. Apá kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Ọdún ń gorí ọdún, èyí tí iná kò dé di igbó dídí. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ló gbà á, igi tó kù níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ilẹ̀ kan náà ni o, òjò kan náà ló sì ń rọ̀ sí wọn.

Tíṣà, ẹ̀kọ́ yín wà níbẹ̀. Lágbègbè tiwa, láti Ọ̀wọ́rọ̀ dé Yàgbà, koríko àti igi ló jọ ń du ilẹ̀, iná ló sì ń sọ èyí tó máa borí. N kò sọ pé kí ọmọ kankan dáná o! Ẹ kàn ro etí igbó yín yíká ní oṣù kọkànlá kí iná ìta má bàa wọlé. Pápá tó wà níta, iná á jó o láìjẹ́ pé ẹ ránṣẹ́ pè é. Kí àwọn ọmọ wá fi inú wé ìta. Ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ fi okùn yí i ká, ìgbésẹ̀ márùn-ún lóròó, márùn-ún níbùú, ọ̀kan nínú igbó, ọ̀kan níta. Kí wọ́n ka iye ọmọ igi tó hù nínú okùn yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan tí kò ní kúrò nílé ẹ̀kọ́. Àwọn tó bá wọ JSS 2 lọ́dún tó ń bọ̀ á tún ibẹ̀ kà. Igi ńlá ńkọ́? Ẹ fi téèpù aṣọ wọn àyíká rẹ̀ níbi tó ga tó mítà 1.3 láti ilẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onígbó lágbàáyé ti ń wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá fi 3.14 pín in, wọ́n ti rí ìbú rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti omi. Ẹ gba agolo mílíìkì, ẹ yọ ìdí àti orí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ bu omi kún un, kí ọmọ kan máa wo aago títí omi á fi wọlẹ̀ tán. Kí wọ́n ṣe é lábẹ́ igi, kí wọ́n tún ṣe é lórí pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ má sọ ìdáhùn fún wọn ṣáájú.

#4 ÌyáOnírú kọ:

Ẹ kú àárọ̀ o. Èmi ò kàwé púpọ̀, ọjà ni mò ń tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣé àwọn ọmọ wa kúrò nínú igbó rí ni? Ta ló ń ṣa òrí láàárọ̀ kùtù kó tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́? Ta ló ń ṣẹ́gi ìdáná? Ọmọbìnrin mi mọ irúgbá tó máa so dáadáa lọ́dún yìí, ó mọ èyí tí kò ní so. Ó dé ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kó jókòó kó fi òyìnbó sọ nípa igbó, ẹnu rẹ̀ wọhò. Wọ́n fún un ní òdo. Ẹ̀yin wá fẹ́ mú un padà sínú igbó kí ẹ lọ kọ́ ọ ní igbó. Kí lẹ fẹ́ kọ́ ọ tí kò mọ̀?

#5 TíṣàÌjùmú kọ:

Mà, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ bíi tiyín ló máa ṣíwájú wa lọ́jọ́ tí a bá wọ igbó, èdè wa ló sì máa fi sọ̀rọ̀, òyìnbó á tẹ̀lé e tó bá yá. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì mi, àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ tó ń gbé láàárín ìlú pọ̀ tó jẹ́ pé ewé ni gbogbo ewé lójú wọn. Àwọn tó sì mọ igi tó máa so, bí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí ọ̀kan so tí èkejì kò so, wọ́n á máa wò mí.

#6 ÌyáOnírú kọ:

Ó ní ọdún tó ń so, ó ní ọdún tí kì í so. Kí ló tún kù? Ẹ sọ ọ́ kí èmi náà gbọ́.

#7 Igbó_àti_Odò kọ:

Mà, àdán wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ mọ òdòdó irúgbá, tó pupa róbótó tó ń so rọ̀ bí bọ́ọ̀lù. Alẹ́ ló ń ṣí, alẹ́ náà ni omi dídùn rẹ̀ ń sun. Àdán ló ń wá mu ún. Bó ṣe ń ti igi kan bọ́ sí èkejì, ẹ̀tù òdòdó ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, ìyẹn ló ń jẹ́ kí igi so. Níbi tí àdán kò bá sí mọ́, oyin máa ń bá wọn ṣe díẹ̀, àmọ́ èso kì í pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Òrí ní tirẹ̀, kòkòrò ló ń bá a ṣe é, pàápàá oyin, inú ẹ̀ẹ̀rùn ló sì ń tanná. Bí iná ńlá bá gba ibẹ̀ kọjá lákòókò yẹn, òdòdó á jóná, oyin á sá. Àìsọ́ igbó lọ́wọ́ iná wà lára ohun tó ń sọ igi òrí di àgàn.

Tíṣà, ẹ má kó ọmọ jáde lóru nítorí àdán o. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ ó bá òdòdó tó já bọ́ nílẹ̀. Kí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, kí wọ́n fi ìka kàn án.

#8 ÌyáOnírú kọ:

Àdán? Àdán tí àwọn ọmọkùnrin yìí ń fi rọ́bà ta lójoojúmọ́? Tíṣà, ẹ kọ́ wọn ní ìyẹn. Ẹ kọ́ àwọn bàbá wọn mọ́ ọn.

#9 ỌmọYàgbàJámánì kọ:

Mo kí gbogbo yín o, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá níbí. Ní ìlú tí mo wà, ọmọ mi kékeré ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ inú igbó, Waldkindergarten ni wọ́n ń pè é. Ó ju 1,500 lọ ní Jámánì. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ni, ìta ni wọ́n ń wà látàárọ̀, òjò ni o, yìnyín ni o. Ilé pákó kékeré kan ló wà tí wọ́n ń sá sí bí ìjì bá ń jà.

Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn ni pé olùkọ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ibì kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú igbó. Ó máa ń lọ jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á dákẹ́, á máa wo ohun tó ń lọ. Ibẹ̀ náà ló máa padà sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e. Tó bá pẹ́, òun gan-an ló máa wá sọ fún olùkọ́ pé èèrà ti gba ọ̀nà mìíràn.

#10 ỌdẹBùnú kọ:

Ará Jámánì, a kí ẹ kú àjò. Ọmọ dá jókòó nínú igbó? Kì í ṣe nílẹ̀ tiwa, kì í ṣe lásìkò yìí. Ẹ ò gbọ́ ohun tí ojú wa ń rí ní Yàgbà àti Bùnú ni? Kí wọ́n jókòó ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ojú tíṣà tó gbogbo wọn.

Tíṣà, ẹ̀rù tó ń ba òbí kì í ṣe ẹ̀rù lásán, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn pa á rẹ́. Ẹ lọ bá àwọn ọdẹ ìlú yín. Àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ igbó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kí ọmọ kankan tó wọ̀ ọ́. Kí ọ̀kan dúró lójú ọ̀nà, kí èkejì bá yín wọlé. Ibi tí ẹ kò bá ti lè gbọ́ agogo ilé ẹ̀kọ́ mọ́, ẹ má dé ibẹ̀. Ẹ pe orúkọ bí wọ́n ṣe ń wọlé, ẹ tún pè é bí wọ́n ṣe ń jáde. Ẹ má fi ọjọ́ kan náà ṣe é ní gbogbo ìgbà, ẹ má sì gbé ọjọ́ tàbí àkókò sórí Facebook tàbí WhatsApp. Bí ó bá ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan lẹ́yìn tí ẹ ṣe é tán, kí ẹ tó gbé fọ́tò síta.

Ti ejò: bàtà rọ́bà ni o, kì í ṣe sálúbàtà. Kí wọ́n mú ọ̀pá dání. Kí ẹnikẹ́ni má tọwọ́ bọ ihò tàbí ọ̀gán. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ejò bu ẹnìkan ṣán, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Kí ọmọ má rìn, kí ẹsẹ̀ yẹn má mì, ẹ gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ ti béèrè ọsibítù tó ní abẹ́rẹ́ oró ejò nítòsí yín. Èmi mọ ewé, síbẹ̀ ọsibítù ni mò ń gbé wọn lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọdẹ kọ́ wọn ní nǹkan, a lè fi ojú ẹsẹ̀ ẹran hàn wọ́n nínú eruku. Ọ̀yà yàtọ̀, òkété yàtọ̀, àparò yàtọ̀. Àgbọ̀nrín tí bàbá mi ń pa, àwọn ọmọ mi kò tíì fojú kàn án rí. A ò ní í purọ́ fún wọn, àwa ọdẹ náà wà lára ohun tó fà á.

#11 Kọ́pàLátÈkó kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá. Apá Ìsánlú ni mo ti ń sin ìlú. Lékkí la ti máa ń lọ wo igbó nígbà tí mo wà ní kékeré, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Hẹ́kítà 78 ni, wọ́n sì ní afárá kan lókè orí igi tó gùn tó mítà 401. Ní Ìbàdàn náà, igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tó nǹkan bíi hẹ́kítà 350, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń lọ síbẹ̀. Mo rò pé kí Tíṣà kọ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan sórí pátákó, kí wọ́n kàn án mọ́ igi, kí àwọn àlejò máa san owó ìwọlé.

#12 BàbáKàbà kọ:

Kọ́pà, ọmọ mi, o ṣeun. Má kan ìṣó mọ́ igi o, so ó. Pátákó ọ̀hún á di igi ìdáná kó tó di Kérésìmesì, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ti owó ìwọlé, ta ni ìwọ rò pé ó máa sanwó wá wo àyìn tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀?

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi yín. Ta ló ni ilẹ̀ náà? Ẹ ní àwọn àgbà yọ̀ǹda rẹ̀. Pẹ̀lú ẹnu ni àbí pẹ̀lú ìwé? Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ sì ní ọ̀rọ̀ sọ lórí ilẹ̀ abúlé, síbẹ̀ gbogbo wa mọ ẹbí tó ni ibi kọ̀ọ̀kan. Àgbà tó fọwọ́ sí i lónìí lè kú lọ́la. Ọmọ rẹ̀ á ti Àbújá dé, á ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ igbó àfihàn, á tà á. Ẹ ṣe ìwé, kí ẹbí tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ọba fọwọ́ sí i, kí ẹ mú un lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ kọ àwọn ààlà rẹ̀ sínú rẹ̀.

Kí ìwé náà sọ ẹni tó ni èso. Irúgbá tó wà nínú igbó kì í ṣe aláìníbaba, ẹbí kan ló ń ká a látọdúnmọ́dún. Òrí tó já bọ́, àwọn obìnrin ló ń ṣa á. Bí ẹ bá ní kí wọ́n má wọlé mọ́ nítorí ẹ̀kọ́, àwọn gan-an ló máa ba igbó yín jẹ́, n kò sì ní í bá wọn wí.

Ti kùkùté osùn dúdú: wọ́n máa ń rú padà. Láti 2017 ni igi yẹn ti wà nínú àdéhùn àgbáyé tó ní kí wọ́n má kó o kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ, nítorí bí wọ́n ṣe ń kó o lọ sí Ṣáínà. Òfin kò dá ẹ̀rọ agégi dúró nínú oko wa, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kí ọmọ tó bá jókòó lórí kùkùté yẹn mọ ibi tí igi náà lọ àti iye tí ìlú rí gbà níbẹ̀.

#13 KáṣùLówó kọ:

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín bọ̀. N kò tíì gbà pé owó kò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Nínú oko mi, abẹ́ káṣù tó ti dàgbà, koríko kì í hù níbẹ̀, òkùnkùn rẹ̀ pọ̀ jù. Bí iná pápá bá dé etí oko, ó máa ń rọ̀. Kí ló dé tí ẹ kò fi gbin ìlà káṣù méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ tí pápá wà? Ilé ẹ̀kọ́ á rí owó díẹ̀, iná kò sì ní í rọrùn láti wọ inú igbó.

#14 Igbó_àti_Odò kọ:

KáṣùLówó, mo tẹríba. Àwọn onígbó ti lo káṣù bẹ́ẹ̀ níbòmíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ohun kan péré: ewé rẹ̀ tó gbẹ máa ń pọ̀ nílẹ̀, ó sì máa ń jó. Kí wọ́n gbá a kúrò kí ọyẹ́ tó dé. Títí tí káṣù náà á fi dàgbà, ọkọ́ ni ẹ máa fi ro etí igbó, kò sí ọ̀nà mìíràn. Kí káṣù má sì wọ inú, ìta ni kó wà.

#15 TíṣàÌjùmú kọ:

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ wo ohun tí mo ti kọ sílẹ̀, ẹ bá mi tún un ṣe.

Táàmù kìíní, nígbà tí òjò ń lọ: a ó ri igi mọ́lẹ̀, a ó so okùn, a ó ka ọmọ igi, a ó wọn àwọn ńlá. Ní oṣù kọkànlá, àwọn òbí àti àwọn ọmọ ńlá á jọ ro etí igbó, a ó sì gbin ìlà káṣù nígbà tí òjò bá padà. Táàmù kejì ni ti òdòdó: irúgbá, òrí, àdán, oyin, àti iná tó jó ìta. Màá fẹ́ kí ọdẹ kan wá ní táàmù yẹn nítorí eruku pọ̀, ojú ẹsẹ̀ ẹran á hàn. Táàmù kẹta, agolo omi, olú tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gán, ṣíṣa òrí, gbígbin irúgbìn. Àwa fúnra wa la máa gbin tiwa, láti inú èso igbó náà. Bí àlejò bá fẹ́ fọ́tò, kí ó wá bá wa ro etí igbó ní oṣù kọkànlá.

Ìwé tí Bàbá sọ, màá gbé e síwájú àwọn àgbà kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀. Tí a kò bá rí i, a kò ní í bẹ̀rẹ̀.

#16 ÌyáOnírú kọ:

Táàmù kẹta, tí ẹ bá ń ṣa òrí: ta ló máa kó o lọ sílé?

#17 TíṣàÌjùmú kọ:

Àwọn tó ń ṣa á tẹ́lẹ̀ náà ni, mà. Àwa á mú ìwọ̀nba èyí tí a máa gbìn.

#18 ÌyáOnírú kọ:

Ó dára. Kí ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Mo mọ ìyá àgbà kan tó ń fọ òrí, tó bá yá, mo lè bẹ̀ ẹ́ kó wá fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é, láti orí ṣíṣa títí dé orí òrí inú igbá. Ẹ máa fún un ní owó ọkọ̀ o, kì í ṣe "ẹ ṣeun màmá" lásán.

#19 Igbó_àti_Odò kọ:

Tíṣà, ti gbígbin òrí: kóró rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú. Ẹ gbìn ín ní tútù, láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ ṣa á, ẹ má sá a sóòrùn. Gbòǹgbò ló máa kọ́kọ́ rán wọ ilẹ̀ jinlẹ̀ kí ohunkóhun tó yọ lókè. Àwọn ọmọ á ní ó ti kú, wọ́n á fẹ́ hú u wò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n hú u, àfi ọ̀kan tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún híhú, kí wọ́n rí i. Ọmọ tó bá gbin òrí ní JSS 1 á ti jáde ní yunifásítì kí igi náà tó so, ó lè gbà tó ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irúgbá ní tirẹ̀, èèpo kóró rẹ̀ le, ẹ da omi gbígbóná sí i kó sùn mọ́jú kí ẹ tó gbìn ín.

#20 Kọ́pàLátÈkó kọ:

Tíṣà, mo fẹ́ wá bá yín ṣe ti òdòdó àti àdán. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, aago mélòó?

#21 ỌdẹBùnú kọ:

Kọ́pà! Ṣé o ka #10 ṣá?

#22 TíṣàÌjùmú kọ:

Kọ́pà, ẹ wá bá mi nílé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìpàdé àwọn òbí, màá sọ fún yín lójúkojú. Ẹ ra bàtà rọ́bà.